Àtẹ̀gùn Tí Bàbá Ìpele Kàn Nítorí Àbúrò Rẹ̀

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lè wọ ilé onílé, kó má rí àga, kó má rí aṣọ fèrèsé, kó má rí oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kó jẹ́ pé àtẹ̀gùn nìkan ni ojú rẹ̀ rí, ẹ pe Bàbá Ìpele. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ṣùgbọ́n kì í kan àga, kì í kan ibùsùn, kì í sì í kan ilẹ̀kùn. Àtẹ̀gùn onípákó ni tirẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń kàn án. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ fojú han bàbá ìyàwó rẹ̀, bàbá náà dúró lókè ilé, ó ń retí kí àlejò gòkè wá kí òun. Àlejò kò gòkè. Ó ti kúnlẹ̀ sí ìpele kẹrin, téèpù lọ́wọ́.

"Bàbá, ìpele yìí fi ìka kan ga ju àwọn yòókù lọ. Ẹ ó máa fẹsẹ̀ kọ níbí."

Bàbá ìyàwó ní láti ọdún mẹ́wàá ni òun ti ń fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀, òun sì rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà kí ó fẹ́ ọmọ wọn.

Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá Ìpele mọ̀ láyé: gbogbo ìpele gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọ́n bá ti dọ́gba, ẹsẹ̀ tó bá tẹ àkọ́kọ́ kò ní bi ojú léèrè mọ́. Fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá a lọ títí dókè. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn òun á ti dé òkè kó tó rántí pé òun ń gun nǹkan. Òfin yìí gan-an ló kó bá a.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní. Bàbá wọn kú nígbà tí àbúrò wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n náà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ti di géńdé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí, ṣùgbọ́n lójú Bàbá Ìpele, ikun ṣì wà nímú rẹ̀. Rọra ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé bí ẹ̀gbọ́n bá ti ń pariwo nídìí ayùn, ohun kan náà tí àbúrò máa ń sọ ni, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra." Òun ló ń ṣe igi ìdìmú, ìyẹn igi gígùn tí a máa ń gbá mú bí a bá ń gòkè. Ẹ̀gbọ́n lè fi ọjọ́ mẹ́ta ṣàlàyé igi kan. Àbúrò á fi ọ̀sán kan gbẹ́ ẹ, á sì máa dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè kan, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Ìyàwó Bàbá Ìpele, tó jẹ́ aránṣọ, jókòó síwájú níbi tí yóò ti gbọ́ gbogbo nǹkan. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń fi ògiri ṣe ìrọ̀rí. Wọ́n ti pe Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò kó wá sọ̀rọ̀ lórí oògùn olóró.

"Àwọn kan máa ń sọ," Nọ́ọ̀sì wí, "pé igbó ni ìpele àkọ́kọ́ lórí àtẹ̀gùn tó ń gbé èèyàn lọ sídìí àwọn oògùn tó le jù ú lọ."

Oorun dá lójú Bàbá Ìpele. Ìpele! Àtẹ̀gùn! Láti ọjọ́ tí àwọn elétò ìlera ti ń wá síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì fi iṣẹ́ tirẹ̀ ṣàpèjúwe àìsàn. Wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò ṣe ọkàn, wọ́n ti fi páìpù ṣe ìfun, wọn ò rántí oníṣẹ́ igi rí. Ó fa pẹ́ńsù yọ létí, ó sáré jáde lọ wá ohun tí yóò yà á sí. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu láti sọ pé "ṣùgbọ́n" ni.

Ṣọ́ọ̀bù kò jìnnà. Pákó wà, pẹ́ńsù wà, rúlà ni kò sí. Kóòtù iṣẹ́ Rọra wà lórí ìṣó lára ògiri, Bàbá Ìpele sì ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà kì í ṣe rúlà. Inú bébà ló wà, ó rọ̀, òórùn rẹ̀ sì ti dé imú kí ọwọ́ tó fà á jáde tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àpò kejì ni rúlà wà." Rọra ló dé ẹnu ọ̀nà yẹn, igi lórí èjìká.

"Kí nìyí?"

"Ẹ ti gbóòórùn rẹ̀ tán."

"Mo ní kí nìyí!"

"Igbó ni. Ẹ rọra, àwọn èèyàn ń kọjá."

"Àwọn èèyàn ń kọjá! Èmi tí mo dúró, ìwọ ò rò tèmi, àwọn tó ń kọjá lò ń rò. Ìgbà wo lo ti ń mu ún?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Díẹ̀ mélòó?"

"Ọdún mẹ́ta."

Bàbá Ìpele jókòó sórí àpótí ìṣó. Ìṣó gún un, kò mọ̀. Ọdún mẹ́ta! Ẹni tó ti tẹ ìpele àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, ibo ni yóò ti dé báyìí? Bẹ́ẹ̀ ká kan kà á dé márùn-ún, èèyàn á ti gun ìpele méje tán lórí iṣẹ́ tòun!

Nírọ̀lẹ́ ó pe àbúrò bàbá wọn lórí fóònù. Bàbá Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo mọ ilé ìtọ́jú kan," Bàbá Tíṣà wí, "ìlú kejì ni. Oṣù mẹ́fà gbáko. Aago márùn-ún ni wọ́n ń jí wọn. Ní Sátidé, bí aago mẹ́wàá bá ti lù, mo ti dé ilé ìyá yín pẹ̀lú mọ́tò. Ṣùgbọ́n ìwọ lo tọ́ ọ. Bí o bá ní kí n gbé e, mo gbé e. Bí o bá ní kí n má gbé e, mi ò ní fi ìka kàn án."

Ìyá wọn náà ní ohun tí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ ni abẹ gé. Nígbà tí wọ́n sọ fún Rọra, ó gbé sáńdípépà kalẹ̀.

"Bí ẹ bá ní kí n lọ, màá lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó má di ìjà lẹ́yìnwá ọ̀la: bí mo bá ti ibẹ̀ dé, mi ò ní padà sí ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́. Màá wá ibòmíràn gbẹ́ igi."

Ó mú sáńdípépà, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Bàbá Ìpele bẹ̀rẹ̀ sí í wá téèpù tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà á, ká má parọ́. Ẹ̀rù Bàbá Ìpele kì í sì í jókòó sínú. Ọwọ́ ló ń gbà jáde. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, ó ti ya àtẹ̀gùn oògùn sórí pákó, ìpele méje, nítorí pé kò gbà pé ohun tí kò tó méje ṣeé pè ní àtẹ̀gùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oògùn tó mọ̀ kò tó méje. Ó kọ igbó sí àkọ́kọ́. Ó kọ oògùn ikọ́ tí wọ́n ń mu láì wúkọ́ sí ìkejì, oògùn ara ríro sí ìkẹta. Ó fi kokéènì sí ìkẹfà, heróìnì sí ìkeje. Ó lá ẹnu pẹ́ńsù títí, kò rí nǹkan kan rántí, ló bá kọ "Òmíràn" sí ìkẹrin, ó kọ "Òmíràn Kejì" sí ìkarùn-ún.

Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì dé, ó wò ó.

"Ọtí ńkọ́?"

"Ọtí wo?"

"Bíà tí ẹ̀ ń mu ní Fúráìdeè pẹ̀lú àwọn bíríkìlà. Sìgá ńkọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń fà kí wọ́n tó fojú rí igbó? Ìpele wo lẹ kọ wọ́n sí?"

"Ọtí kì í ṣe ìpele. Ilẹ̀ ni ọtí. Orí ilẹ̀ la ti ń gun àtẹ̀gùn."

"Ó dáa o," ìyàwó wí. "Ẹ kú ìjókòó ilẹ̀."

Ṣùgbọ́n yíyà nìkan kò tó. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ igi kò lè ka àwòrán. Bàbá Tíṣà àti Màámi gbọ́dọ̀ fojú rí i, kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ lè yé wọn. Ló bá mú ayùn. Ó fẹ́ kó burú: kó ṣe tóóró, kó máa mì, kí ẹni tó bá gùn ún bẹ̀rù ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gé ìpele kejì kó wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un gé kó tọ́ láì mọ ìgbà tó ṣe é. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, ọ̀nà ìparun tó ń kàn ti di àtẹ̀gùn tó rọrùn jù ládùúgbò. Ó tilẹ̀ fá gbogbo etí rẹ̀ roboto kó má baà ha ẹnikẹ́ni lójúgun.

"Rọra, bá mi ṣe igi ìdìmú sí i."

"Ta ló ni ín?"

"Oníbàárà kan ni."

"Òun náà ń rọra gòkè?"

"Ṣe iṣẹ́ rẹ, jọ̀ọ́."

Ní gbogbo àkókò yìí, ó ń ṣọ́ àbúrò rẹ̀ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ẹnu ihò. Ó tẹ́ pákó gígùn kan sílẹ̀. "Rìn lórí rẹ̀, kí n wò ó bóyá ó tẹ̀."

"Pákó lẹ fẹ́ wò ni àbí èmi?"

"Rìn!"

Rọra rìn ín lọ, ó fi ẹ̀yìn rìn ín bọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan dúró ní àárín. Bàbá Ìpele tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ojú rẹ pọ́n."

"Eruku pákó ni. Ṣé ẹ ti wo tiyín?"

Bàbá Ìpele lọ wo dígí. Tirẹ̀ pọ́n ju ti Rọra lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó padà sídìí àwòrán rẹ̀, ó bá àtẹ̀gùn kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n yà á dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ sókè pé ÀTẸ̀GÙN Ẹ̀GBỌ́N MI. Ìpele kìíní: tíì, ṣúgà méjì. Ìkejì: ṣúgà mẹ́rin. Ìkẹta: ṣúgà méje. Ìkẹrin: mílíìkì nínú tíì. Ìkarùn-ún: mílíìkì láìsí tíì. Ìkẹfà: agolo mílíìkì tó wà lẹ́yìn àpò símẹ́ńtì, tí Ìyàwó kò mọ̀. Ìkeje: Òmíràn.

Ó fi sáńdípépà pa á rẹ́ kí ìyàwó tó dé. Ohun tó dùn ún jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé gbogbo ìpele rẹ̀ ló dọ́gba.

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Àbúrò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i: ìpele kan máa ń fa èkejì! Ọdún méjì sẹ́yìn ni Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ ṣúgà fún un, ibi tó dé nìyí. Àfi bí ìrònú mìíràn ṣe wọlé tẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ni obìnrin yẹn ti ń mu tíì oníṣúgà méjì. Ilé kan náà, ṣíbí kan náà, agolo ṣúgà kan náà. Kò gòkè dé mẹ́rin rí. Ọdún mẹ́rìndínlógún, lórí ìpele kan ṣoṣo! Bàbá Ìpele mú pẹ́ńsù, ó gbé e kalẹ̀. Òun kò kan irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ìdí nìyẹn tó fi sọdá títì láàárọ̀ Fúráìdeè lọ bá Afọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Àjíǹde. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé Àjíǹde ti wà nínú oògùn líle fún ọdún mẹ́fà, ó sì jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló fi orúkọ yẹn ṣe àmì ẹ̀yẹ.

"Àjíǹde, ṣé igbó lo fi bẹ̀rẹ̀?"

"Gbogbo wa níbẹ̀ la mu igbó kí a tó mu èyí tó kù. Ọ̀gá, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

Bàbá Ìpele kọ ọ́.

"Gbogbo wa náà la mu ọmú ìyá. Ẹ kọ ìyẹn náà."

"Má fi mí ṣeré, ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni."

Àjíǹde ri tówẹ́lì bọ inú péélì. "Ó dáa. Àwa mẹ́sàn-án la máa ń jókòó mu igbó lẹ́yìn ọgbà kan. Àwa méjì la gòkè. Nínú àwọn méje tó kù, àwọn kan ti fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bímọ, àwọn kan ṣì ń mu ún, wọ́n sì ń lọ síbi iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé igbó náà nìkan ló dà á lórí rú, kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn rí. Nítorí náà ẹ má sọ pé mo ní omi lásán ni igbó."

"Kí ló wá mú ìwọ gòkè?"

"Ìyá mi kú. Mi ò fẹ́ sùn, mi ò fẹ́ jí. Ẹni tí mò ń ra igbó lọ́wọ́ rẹ̀ ní òun ní nǹkan tó lè ràn mí lọ́wọ́. Inú báàgì kan náà ló ti mú un jáde. Kò tilẹ̀ dìde." Ó fún tówẹ́lì, omi dà sí bàtà Bàbá Ìpele. "Ọ̀gá, igbó lẹ̀ ń wò. Ẹ wo báàgì."

Nígbà tó padà délé, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sọ̀rọ̀. Ìyàwó mọ̀ pé bí ọkọ òun bá dákẹ́, nǹkan ti bàjẹ́.

"Ẹ jáde kí Nọ́ọ̀sì tó parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè," ó wí.

"Kí ló kù?"

"'Ṣùgbọ́n' ló kù. Ó ní àwọn tó ń mu oògùn líle, púpọ̀ nínú wọn ló ti mu igbó rí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ń mu igbó, èyí tó pọ̀ jù ni kò débẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé igbó ló ti àwọn tó débẹ̀. Ó ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, tó ń mu ún lójoojúmọ́, tí ìbànújẹ́ sì wà lọ́kàn rẹ̀, òun ni kí a fojú sí lára."

"Láti Túsìdeè! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí. Èmi ni mo bi yín ní tèmi, ẹ ní ilẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù. Àtẹ̀gùn ti gba gúlúù, ó ti gbẹ.

Ní Sátidé, aago mẹ́wàá lù, Bàbá Tíṣà sì lu ilẹ̀kùn. Àtẹ̀gùn ti wà láàárín yàrá Màámi, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, orúkọ oògùn wà lára ìpele kọ̀ọ̀kan, tí Bàbá Ìpele fi irin gbígbóná kọ. Rọra jókòó sétí ilẹ̀kùn, báàgì aṣọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Báàgì yẹn kò tóbi. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ wò ó.

"Òkè wo lẹ fẹ́ gùn nínú ilé mi?" Màámi bèèrè.

"Màámi, àpèjúwe ni." Bàbá Ìpele tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, ṣùgbọ́n ó ti kàn án, ó gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n. "Ẹni tó bá tẹ ìpele igbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fúnra rẹ̀ gòkè ni. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gùn ún kí wọ́n rí i."

Bàbá Tíṣà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé Igbó. Orúnkún rẹ̀ dún kẹ̀kẹ̀. Ó dúró, ó ronú, ó yí padà, ó sì jókòó síbẹ̀.

"Bàbá, èkejì wà níwájú."

"Orúnkún mi ni. Ibí tó mi."

"Kò lè tó yín, Bàbá! Bí èèyàn bá ti tẹ àkọ́kọ́…"

"Mo ní ibí tó mi! Ṣé tipátipá ni?" Ó gbé ìdí síbẹ̀ dáadáa. "Ó sì rọrùn o. Ta ló fá etí rẹ̀ báyìí? Ẹ fún mi lómi."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kórìíra igbó jù nínú ẹbí jókòó sórí Igbó, tó na ẹsẹ̀, tó ń mu omi tútù, tí kò sì ní in lọ́kàn láti gòkè rárá. Ìyàwó Bàbá Ìpele ti ki etí aṣọ bọ ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín síta.

Màámi ní tirẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kan igi ìdìmú. Ó gun àpótí tìmùtìmù rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé Òmíràn Kejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Màámi! Ẹ ò gba ti àkọ́kọ́ kọjá!"

"Bàbá Tíṣà ló jókòó síbẹ̀. Ṣé orí ọkọ mi ni kí n gùn?" Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa igi náà lára. "Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Màámi," Rọra wí.

"O mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Mo mọ̀ láti Ọjọ́rú. Mo ní bí mo bá máa ṣubú, kí n rí nǹkan dì mú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Ìpele wo àbúrò rẹ̀. Láti Túsìdeè ló ti ń wọ̀n ọ́n bí ẹni wọn igi. Kò tíì bi í léèrè ibi tó wà gan-an.

"Rọra, ìpele wo lo wà? Má fi mí ṣeré. Ohun tó bá jẹ́ ni kó o sọ."

Rọra tọ́ka sábẹ́ ìdí Bàbá Tíṣà. "Ibẹ̀ yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àtàárọ̀ dalẹ́ lẹ̀ ń wọn nǹkan tí mo ti wọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn fẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní wọn nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹni tó ń tà á fún mi ní kí n gba òmíràn. Lákọ̀ọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà kejì, ìyẹn lóṣù tó kọjá, mo gbà á. Oògùn oníhóró ni, mẹ́rin. Ó wà lápò mi fún ọjọ́ mẹ́ta."

Bàbá Tíṣà gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀.

"Níbo ló wà?" Bàbá Ìpele bèèrè.

"Mo fẹ́ gbé e mì lọ́jọ́ kẹta. Mo ti mú un dání. Lẹ bá pariwo pé kí n wá di ẹnu pákó mú. Mo rò ó pé bí mo bá gbé e mì, ọwọ́ mi á gbọ̀n, ẹ ó sì pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo dà á sínú gúlúù."

"Gúlúù wo?"

"Èyí tí a fi lẹ àtẹ̀gùn alága ẹgbẹ́."

"Abájọ tí àtẹ̀gùn yẹn kì í fi í dún," ìyàwó wí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín.

Bàbá Tíṣà ní ọ̀rọ̀ ti tó gẹ́ẹ́. "Mọ́tò wà níta. Ìpele, sọ̀rọ̀. Ṣé kí n gbé e?"

Bàbá Ìpele wo báàgì kékeré yẹn nígbẹ̀yìn.

"Rárá, Bàbá."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ má gbé e. Ẹ wo ibi tí ẹ jókòó sí. Ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn lẹ fẹ́ lọ kó pọ̀ fún oṣù mẹ́fà pẹ̀lú àwọn tó ti dé ìkarùn-ún, ìkẹfà. Ilé yẹn lè dára fún wọn. Kì í ṣe tirẹ̀."

"Kí ni ìwọ wá fẹ́ ṣe?"

"N kò tíì mọ̀. Màá mú un lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì ní Mọ́ńdè, màá sì jókòó títí á fi dé 'ṣùgbọ́n'."

"Mi ò lè ṣèlérí pé màá fi sílẹ̀ lọ́la o, ẹ̀gbọ́n mi," Rọra wí.

"Ta ló bi ọ́ lọ́la? Ẹni tó ń ti inú báàgì rẹ̀ tà á fún ọ ni mò ń sọ. Má lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́."

"Mi ò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Òun ló máa ń wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ṣọ́ọ̀bù wo?"

"Tiwa. Ẹ máa ń kí i dáadáa. Ẹni tó máa ń wá gba eruku pákó fún àwọn adìyẹ rẹ̀."

"Ọmọ dáadáa yẹn?" Ojú Bàbá Ìpele là sílẹ̀. "Tí mo bá a di àpò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Kò ní adìyẹ kankan, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gba èèyàn méjì kí wọ́n tó gbé Bàbá Tíṣà dìde kúrò lórí Igbó. Ó ń ráhùn títí dé ẹnu mọ́tò pé ilé kan kì í gbọ́ràn mọ́ láyé yìí, àti pé bí wọn ò bá lo àtẹ̀gùn yẹn, kí wọ́n gé ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún òun.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n lọ. Nọ́ọ̀sì bá Rọra sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ó ní kó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀, Bàbá Ìpele kò gbọ́ ọ. Ìta ló jókòó sí, kò sì tòògbé.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ń kan ẹnu ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà dé, àpò òfìfo léjìká, ẹ̀rín lẹ́nu. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá! Àwọn adìyẹ ní kí n kí yín."

Bàbá Ìpele gbé òòlù. Rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ jẹ́ kí èmi lọ bá a." Ó jáde, òun àti ọkùnrin náà sì dúró sábẹ́ òrùlé òdìkejì.

Bí ẹ bá mọ Bàbá Ìpele, ẹ ó mọ̀ pé kò lè dúró lásán. Ó mú ìfági, ó ń fá pákó tó wà níwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò sí lára pákó. Ó rí i tí ọkùnrin náà ki ọwọ́ bọ àpò. Ó ń fá a. Ó rí i tí ó na nǹkan kan sí Rọra. Ó ń fá a kíákíá. Rọra kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ ọn. Ó pẹ́. Ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ká àpò rẹ̀, ó lọ.

Rọra wọlé. Òógùn wà lórí imú rẹ̀.

"Kí ló ní?"

"Ó ní òun mú tuntun wá, ó ní ọ̀fẹ́ ni."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò gbà."

"Ìyẹn nìkan lẹ sọ fún gbogbo àkókò yẹn?"

"Mo tún ní kó bá mi kí àwọn adìyẹ." Rọra sún mọ́ ibi iṣẹ́, ó tẹ̀ sílẹ̀, ó wo pákó. Ó ti fẹ́lẹ́ débi pé ìka Bàbá Ìpele ń hàn láti òdìkejì. Ti oníbàárà ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi eléyìí kàn?"

Bàbá Ìpele wo pákó, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Ṣé ó máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Á wá."

"Lọ gbé èyí tó nípọn wá nígbà náà, kí n rí nǹkan fá."